Ológun Tó Dáná Sun Pápá Ni Kó Máa Wá Aládùúgbò Rẹ̀ Kiri

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 2021, iná sọ ní Lolldaiga, ilẹ̀ ìtọ́jú ẹran ìgbẹ́ kan ní agbègbè Laikipia, nítòsí ìlú Nanyuki ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà. Àwọn sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣe ìdánrawò níbẹ̀. Ìparí oṣù kẹta ni ẹ̀ẹ̀rùn máa ń mú jù ní apá ibẹ̀ kí òjò ńlá tó dé, nítorí náà koríko ti gbẹ táútáú. Iná náà jó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ilẹ̀ tó sì jó lé ní 10,000 éékà. Ọkùnrin ará àdúgbò kan tó sáré wá bá wọn paná kò padà sílé mọ́, ọkọ̀ ló tẹ̀ ẹ́ pa. Èéfín bo àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí, ohun tí iléeṣẹ́ ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ó ṣeé ṣe kó fà á ni sítóòfù ìdáná kan tí ẹnì kan ṣèèṣì gbá ṣubú. Ó di ọdún 2025 kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gbà láti san mílíọ̀nù 2.9 pọ́n-ùn fún àwọn ènìyàn 7,723 tó ń bèèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ẹ pín in fúnra yín: kò tó 380 pọ́n-ùn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin.

Owó náà kéré, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà rí i ló ká mi lára jù. Ẹni tí iná jó àdúgbò rẹ̀ ló wá agbẹjọ́rò, òun ló wá ẹlẹ́rìí, òun ló ń lọ tó ń bọ̀ sí kóòtù, òun náà ló ń dúró de ìgbìmọ̀ tí ìjọba méjèèjì gbé kalẹ̀. Ẹni tó dáná ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí kò ju ẹyọ kan lọ: iná tí ìdánrawò ológun bá dá sílẹ̀ wà lára owó ìdánrawò náà, bí epo ọkọ̀ àti ọta ìbọn ṣe wà lára rẹ̀. Ológun tó bá fẹ́ dánra wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí èèyàn ń gbé gbọ́dọ̀ ti ya owó iná sọ́tọ̀ kó tó yin ọta àkọ́kọ́. Bí iná bá sì sọ, òun ni kó máa wá àwọn aládùúgbò kiri láti san ẹ̀tọ́ wọn fún wọn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é lẹ́jọ́.

Ẹni tó bá ní àgbákò ni, tí kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kó wo àkọsílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, ọkọ̀ òfurufú ogun kan tó ń dánra wò ní pápá Warren Grove ní New Jersey, ní Amẹ́ríkà, ju iná àtànmọ́lẹ̀ sílẹ̀ sínú igbó tó ti gbẹ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sá kúrò nílé. Ní oṣù keje ọdún 2009, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Faransé ń yìnbọn ní pápá Carpiagne lẹ́yìn ìlú Marseille. Ọta atanná ni wọ́n lò, irú èyí tí wọ́n ki ẹ̀tù tó ń jó sí nídìí kí ojú lè máa bá a lọ síbi tó ń lọ. Wọ́n ti ka lílò rẹ̀ léèwọ̀ ní irú àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ wọ́n yìn ín. Ilẹ̀ tó lé ní 1,000 hẹ́kítà jó, iná sì dé etí ilé àwọn ará Marseille. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, ẹ̀ṣọ́ ológun ìpínlẹ̀ Utah ń fi ìbọn arọ̀jò-ọta dánra wò ní Camp Williams, nítòsí ìlú Herriman. Lọ́jọ́ náà gan-an, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ti kéde pé afẹ́fẹ́ le, ilẹ̀ gbẹ, kí gbogbo èèyàn ṣọ́ra fún iná. Ìkéde náà wà níta, kò sì dá ẹnikẹ́ni dúró nídìí ìbọn. Ilé mẹ́ta jóná, wọ́n sì ní kí àwọn tó ń gbé inú ilé bí 1,600 jáde. Ọ̀gá ológun wọn jáde tọrọ àforíjì, ó gbà pé ẹ̀bi àwọn ni, mo sì kan sáárá sí i fún ìyẹn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, ìdánrawò bọ́ǹbù ní Marrangaroo, nítòsí Lithgow ní Australia, dá iná tó jó ilẹ̀ tó lé ní 50,000 hẹ́kítà. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ọmọ ogun tí mo dárúkọ yìí kì í ṣe àwọn tí owó ń dà láàmú. Wọ́n ní ọkọ̀, wọ́n ní onímọ̀ ojú ọjọ́, wọ́n ní ìwé òfin tó nípọn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò tún yẹ ní ohun tí à ń pè ní èèṣì.

Iná tó jó ní Meppen ní Jámánì yẹ fún àlàyé díẹ̀. Ìdánwò ohun ìjà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ṣùgbọ́n iná kì í bèèrè orúkọ tí a pe iṣẹ́ náà. Wọ́n yin rọ́kẹ́ẹ̀tì sí ilẹ̀ àbàtà kan tí ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yẹn ti fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ewé àti gbòǹgbò tó ti ń kóra jọ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló kún inú rẹ̀. Bí iná bá wọ̀ ọ́, abẹ́ ilẹ̀ ni yóò máa jó gbà. A lè dúró lórí rẹ̀ kí a má rí ọwọ́ iná kankan, kí ó jẹ́ èéfín nìkan ni yóò máa rú jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ọkọ̀ panápaná pàtàkì méjì tí àwọn ológun ní fún irú ilẹ̀ yẹn, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe, èkejì sì bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀kan ò sí nílé, wọ́n ṣì yin rọ́kẹ́ẹ̀tì. Iná náà jó ju oṣù kan lọ, èéfín rẹ̀ hàn nínú àwòrán tí wọ́n ń yà láti òfurufú lọ́hùn-ún, ìjọba àgbègbè náà kéde pàjáwìrì, wọ́n sì ní kí àwọn ará abúlé tó sún mọ́ ibẹ̀ múra ìrìn àjò sílẹ̀. Mínísítà ààbò ìgbà náà, Ursula von der Leyen, wá síbẹ̀ wá bẹ àwọn ènìyàn. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tó ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo pápá ìdánrawò: panápaná kò lè kàn fẹsẹ̀ rìn wọ inú iná, torí bọ́ǹbù tí kò bú láti ọjọ́ pípẹ́ ṣì wà nínú ilẹ̀. Iná tí à bá pa ní wákàtí díẹ̀, a ó dúró sẹ́yìn máa wò ó títí yóò fi jáde wá bá wa.

Àwọn darandaran ilẹ̀ Kẹ́ńyà mọ ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù inú ilẹ̀ yìí dáadáa. Ní ọdún 2002, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì san mílíọ̀nù 4.5 pọ́n-ùn fún 228 ènìyàn nínú àwọn Maasai àti Samburu, torí àwọn tí ohun ìjà tí kò bú pa tàbí tó sọ di aláàbọ̀ ara ní pápá ìdánrawò Dol Dol àti Archer's Post. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ tó gé àti èéfín kì í ṣe ọgbọọgba, n kò sì fi owó ọ̀kan wé owó èkejì. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé ogún ọdún ó dín ọ̀kan kí iná Lolldaiga tó sọ, àwọn ológun wọ̀nyí ti jókòó pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò kan náà, wọ́n ti rí ohun tí ìdánrawò ń ṣe fún aládùúgbò, wọ́n ti sanwó. Ó yẹ kí wọ́n ti kọ́ láti inú ìyẹn pé owó gbà-má-bínú yẹ kó ní àpótí tirẹ̀ kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí iná dé, ńṣe ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ni iná pápá ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an? Ẹ jẹ́ ká wo ilé darandaran kan tó ní màlúù díẹ̀ àti ewúrẹ́ ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Koríko gbígbẹ tó ṣẹ́ kù ní pápá lóṣù kẹta, òun ni ẹran yóò máa jẹ títí òjò yóò fi rọ̀. Kò dára, kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń gbé ẹran ró. Bí iná bá jó o ní ọjọ́ méjì, ẹni náà ní láti da ẹran lọ sí ọ̀nà jíjìn, níbi tí ẹlòmíràn ti ń ṣọ́ koríko tirẹ̀, tàbí kó kó àwọn tó ti rù lọ sọ́jà, kó gba iye tí oníbàárà bá pè. Ẹran igbó tí iná lé kúrò níbùjókòó rẹ̀ yóò ya wọ oko àgbàdo. Èéfín ní tirẹ̀ kò dúró lórí ilẹ̀ tó jó. Eruku inú rẹ̀ kéré débi pé irun imú kò lè dá a dúró, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, àwọn tó sì ń kọ́kọ́ mú balẹ̀ ni ọmọdé, àgbàlagbà, aboyún àti ẹni tó ní ikọ́ fée. Kò sí ìkankan nínú nǹkan wọ̀nyí tó ní rìsíìtì. Ta ló ń kọ iye màlúù tó rù sílẹ̀? Ìyá wo ló ń gba ìwé lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì pé èéfín ti ọjọ́ báyìí ló dá ikọ́ yìí sílẹ̀? Èyí ló mú kí ìdàjọ́ tó ní kí ẹni tí iná jó mú ẹ̀rí wá jẹ́ ìdàjọ́ tó ti gbè sẹ́yìn ológun kí a tó ka ẹjọ́.

Ọ̀nà tí ẹjọ́ Lolldaiga gbà fi hàn bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún àyíká ló kọ́kọ́ lọ sí kóòtù. Ohun tí ìhà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ sọ ni pé ilé ẹjọ́ Kẹ́ńyà kò láṣẹ lórí àwọn, pé orílẹ̀-èdè kan kì í jẹ́jọ́ lábẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká àti ilẹ̀ kò gba àwíjàre yẹn wọlé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ìjọba méjèèjì, ọdún sì ń gun orí ọdún. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyí mọ̀ pé àwọn sójà tiwọn ló wà níbẹ̀, sítóòfù tiwọn ló ṣubú. Ohun tí wọ́n jà fún ní gbogbo ọdún yẹn ni ẹni tó lè bi wọ́n ní ìbéèrè, wọn kò jiyàn pé iná kò jó. Ní àárín ìgbà náà, ẹni tó ta màlúù rẹ̀ ní ẹ̀dínwó ní 2021 ti jẹ owó náà tán, ọmọ tó fa èéfín símú ti lo ọdún mẹ́rin sí i nílé ìwé.

Ìdáhùn tó lágbára jù sí ọ̀rọ̀ mi ni ti ààbò. Ológun tí kò dánra wò kò wúlò lójú ogun. Kẹ́ńyà fúnra rẹ̀ ń bá ẹgbẹ́ agbésùmọ̀mí al-Shabaab fà á, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì ń jèrè nínú bíbá àwọn Gẹ̀ẹ́sì dánra wò. Mo gba gbogbo èyí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ ohun tí àwọn ajínigbé àti agbésùmọ̀mí ń ṣe nílẹ̀ Nàìjíríà kò ní sọ pé kí sójà máa sùn. Ṣùgbọ́n ìdánrawò ò ní kú nítorí pé a ní kó san gbèsè rẹ̀. Àfonífojì Mākua ní Hawaii jẹ́ ẹ̀rí. Iná jó níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní 2003, èyí tí àwọn ológun fúnra wọn tàn láti fi dín koríko kù bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì jó nǹkan bí ìdajì àfonífojì náà. Àwọn ará ibẹ̀ gbé wọn lọ sí kóòtù, ìyìnbọn níbẹ̀ sì dúró láti 2004. Ní 2023 ni àwọn ológun Amẹ́ríkà gbà pé àwọn kò ní yìnbọn níbẹ̀ mọ́ rárá. Fún nǹkan bí ogún ọdún tí ìbọn fi dákẹ́ ní Mākua, kò sẹ́ni tó gbọ́ pé ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbàgbé bí wọ́n ṣe ń yìnbọn. Bẹ́ẹ̀ ohun tí mo ń bèèrè kò tilẹ̀ tó ti Mākua. Kí wọ́n dánra wò, àmọ́ kí wọ́n gbé ẹrù ohun tí wọ́n ń ṣe.

Àwọn mìíràn á ní darandaran pàápàá a máa sun pápá, mànàmáná a sì máa dáná, kí ló dé tó jẹ́ sójà nìkan ni à ń bá wí. Nílẹ̀ Yorùbá, àgbẹ̀ tó fẹ́ sun oko a kọ́kọ́ ro etí rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, a wo ibi tí afẹ́fẹ́ dojú kọ, a sì fi tó ẹni tó ni oko kòkó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ létí. Bí iná bá rékọjá, àwọn àgbà kì í ní kí olóko kòkó wá fi ẹ̀rí hàn pé kòkó òun níye lórí. Ẹni tó dáná ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè, òun ni wọ́n ń ní kó lọ wá nǹkan ṣe sí i. Òfin tó de tálákà tó ní ẹyọ ìṣáná kan kò gbọ́dọ̀ tú sílẹ̀ lórí ẹni tó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ọkọ̀, ọta àti sítóòfù wá sínú koríko gbígbẹ. Wọ́n tún máa ń sọ pé ìdánrawò ń mú owó wọ Nanyuki. Òótọ́ ni: àwọn tó ń gba iṣẹ́ ní bárékè, onílé ìtura, ẹni tó ń ta epo, gbogbo wọn ń jèrè. Ẹ wo ẹni tó ń gba owó náà, kí ẹ sì wo ẹni tí èéfín ń bo ilé rẹ̀. Kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà, èrè ti ọ̀kan kò sì lè di owó gbà-má-bínú fún èkejì.

Àwíjàre ti jìbìtì tún wà. Bí ológun bá ń sanwó láìbéèrè ẹ̀rí, wọ́n ní, gbogbo ayé ni yóò wá nawọ́. Ẹ̀rù yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Nínú ẹjọ́ Lolldaiga fúnra rẹ̀, iye àwọn tó ń bèèrè ẹ̀tọ́ kúrò ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan, ó di ẹgbẹ̀rún méje ó lé. Ṣùgbọ́n ìdádúró ló ń dá irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ọdún kẹrin kó tó bèèrè ẹni tí iná jó, báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n yàtọ̀? Ohun tó rọrùn ni kí wọ́n kọ orúkọ àwọn agboolé àti iye ẹran wọn sílẹ̀ kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀, níṣojú àwọn baálẹ̀ àdúgbò. Àwọn sátẹ́láìtì tó ń yí ayé ká ń ya àwòrán ilẹ̀ tó jó àti ibi tí èéfín gbà lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, tí ilé rẹ̀ sì wà nínú àwòrán náà, kó gba owó ìpìlẹ̀ kan kí oṣù tó parí. Ẹni tó bá ní àdánù rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó wá sọ ọ́. Bí aláìlẹ́tọ̀ọ́ díẹ̀ bá yọ́ wọlé, ìyẹn ṣì sàn ju kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹ́tọ̀ọ́ jókòó síta fún ọdún mẹ́rin.

Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi gbà pé owó tí a yà sọ́tọ̀ ṣáájú yóò ṣiṣẹ́ ju ìlérí lọ. Ológun tó bá mọ̀ pé iná yóò ná òun lówó lójú ẹsẹ̀ yóò tẹ́tí sí ẹni tó ń kéde ojú ọjọ́. Àṣẹ láti sọ pé "ẹ dúró lónìí" gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń darí ìdánrawò, kó bọ́ sọ́wọ́ àwọn panápaná àdúgbò, kí ìpè sì máa lọ bá wọn ní kíá bí iná bá sọ. Ní Australia, ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2020, hẹlikópítà ológun kan tó wá ṣèrànwọ́ nígbà iná igbó balẹ̀ ní àfonífojì Orroral, iná fìtílà abẹ́ rẹ̀ sì ran koríko. Àwọn awakọ̀ náà gbéra padà, ó sì gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 kí àwọn panápaná tó mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an. Iná yẹn jó nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ọgbà Namadgi. Ìdánrawò kọ́ ni wọ́n wá ṣe, àánú ló gbé wọn wá, síbẹ̀ àìsọ̀rọ̀ ní kíá ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Àwa náà mọ ohun tó túmọ̀ sí láti gbé nítòsí ohun ìjà ẹni tí kò jíyìn fún wa. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ilé ìkóhun-ìjà bárékè Ìkẹjà bú gbàmù ní Èkó. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kó sínú kánáàlì Òkè-Àfà níbi tí wọ́n ti ń sá. Iná bárékè yàtọ̀ sí iná pápá, mo mọ̀, ṣùgbọ́n aládùúgbò tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí kò láṣẹ lórí rẹ̀ jẹ́ irú kan náà ní Ìkẹjà àti ní Laikipia.

Àdéhùn ológun tí Kẹ́ńyà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ní 2021, ọdún márùn-ún ni wọ́n ṣe é fún. Ní 2024, àwọn aṣòfin Kẹ́ńyà gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu àwọn ará Nanyuki fúnra wọn nípa ìwà àwọn sójà náà, nítorí náà kò sí aṣòfin tó lè ní òun kò mọ̀. Nínú àdéhùn tó bá tẹ̀ lé e, kí wọ́n kọ iye owó tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò fi sílẹ̀ ní báńkì Kẹ́ńyà kí sójà kan tó wọ pápá, kí wọ́n kọ orúkọ àjọ tó lè dá ìdánrawò dúró lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le, kí wọ́n sì kọ iye ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ fi dé ọwọ́ ẹni tí iná jó. Bí wọn kò bá lè kọ mẹ́ta yìí síbẹ̀, kí Kẹ́ńyà má fọwọ́ sí i.